BÍ ÒGIRI KÒ BÁ LANU: Ogun Tí Igi Ápù Ń Bá Àrùn Jà, Àti Bó Ṣe Kan Àwa Ọlọ́jà

  

Ọ̀rọ̀ èso la fẹ́ sọ lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ ápù gan-an. Mo mọ̀ pé àwọn kan á ti máa sọ pé, "Èmi aláta, kí ló kàn mí nínú ọ̀rọ̀ ápù?" Ẹ ní sùúrù. Ọ̀rọ̀ tó kan aláápù, ó kan oníṣu, ó kan onítòmátì, ó kan ọlọ́gẹ̀dẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ti ń ta ohun tó lè rà mọ́ni lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ yìí kàn án.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohun tí ojú èmi fúnra mi rí. Nígbà kan tí mo ń ta èso, mo ra páálí ápù mẹ́ta sílẹ̀ de ọjà ọdún Kérésì. Ápù náà wuyì, ó ń dán gbinrin. Alábàárù tó bá mi sọ ọ́ kalẹ̀ láti inú ọkọ̀ jù ú mọ́lẹ̀ bí ẹni ju àpò gààrí. Mo rí i, n kò sọ̀rọ̀. Mo ní ṣebí inú páálí ló wà. Lọ́jọ́ kejì tí mo ṣí i wò, kò sí nǹkan kan. Lọ́jọ́ kẹrin, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rí ojú ibi tó rọ̀, tó pọ́n rúsúrúsú. Kí ọjọ́ kẹwàá tó pé, odindi páálí kan ni mo dà sí ààtàn. Owó orí lọ, èrè náà lọ.

Màmá àgbà kan tí ìsọ̀ wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi wò mí títí, wọ́n ní: "Ọmọ mi, bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ìwọ lo fi ojú ara rẹ wo ògiri nígbà tó ń lanu."

Ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò lọ́kàn mi. Láti ìgbà náà ni mo ti ń bi àwọn tó kàwé nípa ohun ọ̀gbìn léèrè, tí mo sì ń ka ohun tí wọ́n kọ. Ohun tí mo rí yà mí lẹ́nu. Ápù kì í ṣe òkú nǹkan. Ó ní ògiri, ó ní ọlọ́dẹ, ó ní ọmọ ogun. Ó ń jà látorí igi títí dé inú páálí. Lọ́pọ̀ ìgbà, àwa gan-an la ń ṣílẹ̀kùn fún ọ̀tá rẹ̀.

IBI TÍ ÁPÙ TI WÁ

Igi ápù kì í ṣe igi ilẹ̀ wa. Àwọn òkè ńlá tó wà láàárín gbùngbùn Éṣíà, níhà ilẹ̀ Kazakhstan, ni àwọn onímọ̀ sọ pé ó ti ṣẹ̀ wá. Ibẹ̀ ló ti bá àwọn oníṣòwò, àwọn èèyàn bíi tiwa, rìn dé Yúróòpù. Àwọn òyìnbó sì gbé e dé Amẹ́ríkà àti South Africa. Igi tó fẹ́ òtútù ni. Bí òtútù kò bá mú un fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ lọ́dún, kò ní yọ òdòdó bó ṣe yẹ. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ jù lọ ápù tí à ń tà ní Kẹ́tu, ní Bódìjà àti níbi gbogbo fi ń ti òkè òkun wá. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ló ń ti South Africa wá.

KÍ NI WỌ́N Ń PÈ NÍ ẸŃSÁÌMÙ?

Ẹ má jẹ́ kí orúkọ yìí bà yín lẹ́rù. Òṣìṣẹ́ kékeré ni ẹńsáìmù, tí ojú kò lè rí. Inú gbogbo ohun ẹlẹ́mìí ló wà: inú èèyàn, inú ẹran, inú ewéko, títí kan kòkòrò. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó sọ nǹkan kan di nǹkan mìíràn kíákíá, tí òun fúnra rẹ̀ kò sì ní tán síbẹ̀. Oríṣiríṣi ni wọ́n, kálukú ló sì ní iṣẹ́ tirẹ̀, bí alápatà kì í ti í jókòó sídìí ẹ̀rọ aránṣọ.

Ẹ̀yin náà ti ń lò ó tipẹ́tipẹ́. Bí ẹran bá le, ṣebí ẹ máa ń gé ìbẹ́pẹ tí kò tíì pọ́n sí i? Ohun tó wà nínú oje ìbẹ́pẹ yẹn tó ń mú kí ẹran rọ̀, ẹńsáìmù ni. Bí ẹ bá bẹ iṣu sílẹ̀ tí ẹ kò da omi bò ó, kí á tó wí kí á tó fọ̀, ojú rẹ̀ á ti máa dúdú. Ẹńsáìmù náà ló ń ṣe é. Òun ló wà nídìí àwọ̀ tí àmàlà iṣu wa ń ní. Ápù tí ẹ gé fún oníbàárà pé kó tọ́ wò, tó pọ́n rúsúrúsú kó tó sanwó, ẹńsáìmù kan náà ni. Polyphenol oxidase ni òyìnbó ń pè é.

Ẹ wo bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ara ápù pín sí yàrá wẹ́wẹ́ tí kò lóǹkà. Nínú yàrá kọ̀ọ̀kan, èròjà kan wà tó máa ń korò, tó ń fún ẹnu pọ̀ bí ẹnu ẹni tó jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tútù. Inú àpò tirẹ̀ ló wà. Ẹńsáìmù wà nínú àpò mìíràn. Wọn kì í pàdé nígbà tí àlàáfíà bá wà. Ṣùgbọ́n bí ọ̀bẹ, eyín, èékánná tàbí kòkòrò bá fọ́ yàrá náà, àwọn méjèèjì á dà pọ̀, afẹ́fẹ́ á sì dé bá wọn. Lójú ẹsẹ̀, ẹńsáìmù á sọ èròjà kíkorò yẹn di ohun dúdú tó ń ṣe kòkòrò àrùn ní jàǹbá.

Ṣé ẹ rí i báyìí? Àwọ̀ tí a máa ń rí tí a ó ní "ápù yìí ti ń bàjẹ́", ìjà ló ń jà. Èéfín ogun ni.

ÀWỌN Ọ̀TÁ IGI ÁPÙ

Ọ̀tá igi ápù pọ̀, ṣùgbọ́n méjì ni ẹ jẹ́ kí á mú.

Èkíní ni àrùn èépá, tí òyìnbó ń pè ní apple scab. Ohun tó ń fà á jẹ́ ẹ̀yà olú kékeré kan tí ojú lásán kò lè rí. Ìbátan ni òun àti funfun tó máa ń hù lára búrẹ́dì tó ti bu. Nígbà òtútù, tí ewé igi ápù bá wọ́ dànù, inú ewé tó wà nílẹ̀ yẹn ló máa ń sá pamọ́ sí. Bí òtútù bá kásẹ̀ nílẹ̀ tí òjò bẹ̀rẹ̀, á ju irúgbìn rẹ̀, tó kéré ju eruku lọ, sínú afẹ́fẹ́. Bí irúgbìn náà bá bà lé ewé tuntun, tí ewé náà wà ní tútù fún nǹkan bíi wákàtí 9 nígbà tí ojú ọjọ́ kò gbóná jù, tí kò sì tutù jù, ó ti wọlé nìyẹn. Ojú ewé á ní àbààwọ́n dúdú. Èso á yọ èépá, á sì sán. Ápù náà ṣì ṣeé jẹ o. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ń tajà, ẹ sọ fún mi: ta ni yóò rà á? Nítorí àrùn yìí, àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ tí òjò ti ń rọ̀ dáadáa lè fín oògùn sára igi wọn nígbà 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín ọdún kan. Owó oògùn yẹn wà lára owó tí à ń san lórí páálí.

Èkejì burú ju ìyẹn lọ. Fire blight ni wọ́n ń pè é, nítorí pé igi tó bá mú máa ń dà bí èyí tí iná jó. Bakitéríà ló ń fà á. Ojú òdòdó ló sábà máa ń gbà wọlé. Oyin tó ń fò láti òdòdó dé òdòdó á gbé e kiri, òjò náà á sì fọ́n ọn ká. Ẹ̀ka á dúdú, ewé á gbẹ mọ́ ọn lára, orí ẹ̀ka á tẹ̀ kọrọdọ bí orí ọ̀pá darandaran. Igi odindi lè kú. Amẹ́ríkà ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i, kí ọdún 1800 tó pé. Nǹkan bí ọdún 1880, T. J. Burrill ní Illinois fi hàn pé bakitéríà ló wà nídìí rẹ̀, nígbà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò tíì gbà pé bakitéríà lè ṣe igi ní nǹkan. Ní 1957, àrùn náà dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kò sí ẹni tó fìwé pè é.

OHUN TÍ IGI FI Ń JÀ

Igi kò lẹ́sẹ̀ tó lè fi sá, kò sì lẹ́nu tó lè fi ké. Kí ló wá ń ṣe?

Àkọ́kọ́ ni ògiri. Ewé àti èso ápù ní ohun kan tó ń dán lára, tó dà bí ọ̀rá àbẹ́là. Omi kì í tètè wọ̀ ọ́, kòkòrò kì í tètè gbá a mú. Dídán tí ẹ̀ ń rí lára ápù kì í ṣe ẹwà lásán.

Èkejì ni ọlọ́dẹ. Nínú ara igi, àwọn èròjà kan wà tí iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n máa ṣọ́nà. Bí wọ́n bá dá ọ̀tá mọ̀, wọ́n á figbe ta. Nígbà mìíràn, àwọn yàrá tí ọ̀tá ti wọ̀ á pa ara wọn kí ọ̀tá má bàa rí ohun jẹ, kí àrùn má sì ráyè kọjá ibẹ̀. Ó dà bí ìgbà tí iná bá ń jó ọjà tí wọ́n wó ìsọ̀ méjì kí igba ìsọ̀ má bàa jóná. Ó dunni, ṣùgbọ́n ọgbọ́n ni.

Ẹ̀kẹta ni àwọn ẹńsáìmù, àwọn ọmọ ogun gan-an. Àwọn kan wà tó ń bá igi nípọn ògiri yàrá rẹ̀, kí ó lè le bí igi gbígbẹ. Àwọn mìíràn ń gé ọ̀tá fúnra rẹ̀. Ara àwọn ẹ̀yà olú ní ohun líle kan nínú, irú èyí tó wà lára èèpo edé. Chitin ni orúkọ rẹ̀. Ẹńsáìmù kan tí wọ́n ń pè ní chitinase ló ń gé ohun líle yìí wẹ́wẹ́. Bí ó bá gé e tán, ẹ̀wù ogun ọ̀tá ti ya nìyẹn.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni ti èròjà kan tó wà nínú ewé àti èèpo igi ápù, tó ń jẹ́ phloridzin. Igi so ṣúgà mọ́ ọn lára, ó sì fi pamọ́ jẹ́ẹ́. Bí ewé bá ya, ẹńsáìmù kan á dé, á gé ṣúgà yẹn kúrò. Polyphenol oxidase tí a dárúkọ lẹ́ẹ̀kan á wá gba èyí tó kù, á sọ ọ́ di ohun tí bakitéríà fire blight kò fẹ́ràn rárá. Àwọn onímọ̀ tó fi ohun yìí kan bakitéríà náà rí i pé kì í jẹ́ kó gbèrú. Ó dà bí ìbọn tí a tú sí méjì: ọta wà níbì kan, ìbọn wà níbòmíràn, títí olè yóò fi fọ́ ilẹ̀kùn.

Láti 1835 ni wọ́n ti mọ phloridzin, tí wọ́n rí i nínú èèpo igi ápù. Ìwádìí lórí rẹ̀ ló padà la ọ̀nà sílẹ̀ fún oríṣi oògùn àtọ̀gbẹ kan tí àwọn dókítà ń fún àwọn tó ní ìtọ̀ ṣúgà lónìí. Ẹ jọ̀ọ́, n kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni lọ máa se èèpo igi mu o. Oògùn tí wọ́n ti yí padà, tí wọ́n ti wọ̀n, ni dókítà ń kọ fúnni.

IGI KÉKERÉ LÁTI JAPAN

Kì í ṣe gbogbo igi ápù ló lágbára bákan náà. Àwọn tó so èso ńlá aládùn tí ọjà ń fẹ́, òmíràn nínú wọn kò lè ja ìjà èépá rárá. Èyí tó lè jà, èso rẹ̀ lè kéré kó sì kan. Ẹ gbọ́ ìtàn yìí.

Igi kan wà tí wọ́n mú láti Japan, Malus floribunda. Òdòdó rẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe ọgbà lọ́ṣọ̀ọ́, torí èso rẹ̀ kéré gan-an, kò sẹ́ni tó ń rà á. Ní 1914, ní Yunifásítì Illinois, C. S. Crandall so igi yìí pọ̀ mọ́ igi ápù ńlá tó ń jẹ́ Rome Beauty. Ọdún gorí ọdún. Ní àwọn ọdún 1940, L. F. Hough ń wo àwọn ọmọ tí igi wọ̀nyí bí. Ó rí i pé àrùn èépá ti bo àwọn kan, ṣùgbọ́n àwọn kan mọ́ tónítóní. Wọ́n ti jogún ọlọ́dẹ igi kékeré yẹn.

Yunifásítì mẹ́ta, Purdue, Rutgers àti Illinois, wá fọwọ́sowọ́pọ̀. Wọ́n ń so àwọn ọmọ náà pọ̀ mọ́ ápù ńlá léraléra, kí èso lè tóbi kó sì dùn, kí agbára má sì sọnù. Ní 1970 ni àkọ́kọ́ wọn tó ṣeé tà jáde. Wọ́n sọ ọ́ ní Prima. Láti 1914 sí 1970, ọdún 56! Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kọ́ ló jẹ èso rẹ̀. Ohun tí à ń sọ nínú ẹgbẹ́ wa náà nìyẹn: ìyá gbìn, ọmọ jẹ.

Ṣùgbọ́n ọ̀tá kì í sùn. Ní 1993, àwọn onímọ̀ kọ ọ́ jáde pé àwọn rí irú àrùn èépá kan ní Jámánì tó ti kọjá lójú ọlọ́dẹ yìí. Ọ̀tá ti pààrọ̀ aṣọ, ọlọ́dẹ kò dá a mọ̀ mọ́. Nítorí náà ni àwọn tó ń mú irú ápù tuntun jáde lónìí kò fi fẹ́ gbára lé ọlọ́dẹ kan ṣoṣo. Méjì, mẹ́ta ni wọ́n ń wá fún igi kan. Ní 2004, àwọn onímọ̀ Ítálì àti Switzerland tiẹ̀ mú ogún ìbí ọlọ́dẹ igi Japan yẹn nìkan, wọ́n fi sínú ápù Gala, èyí tí ọ̀pọ̀ nínú yín mọ̀ lọ́jà. Àrùn èépá tó ń bá Gala fínra tẹ́lẹ̀ kò wá rọrùn fún láti mú un mọ́.

OGUN JÍJÀ, OWÓ NI

Ẹnì kan lè sọ pé, "Ó dáa, kí wọ́n kúkú kó ẹńsáìmù púpọ̀ sínú igi, kí ọ̀rọ̀ tán." Wọ́n ti dán an wò. Ní Cornell, ní Amẹ́ríkà, wọ́n mú ogún ìbí chitinase láti ara ẹ̀yà olú kan tó ń gbé inú ilẹ̀, wọ́n fi sínú igi ápù tó ń jẹ́ Marshall McIntosh. Wọ́n gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 2000. Lóòótọ́, àrùn èépá dín kù. Bí ẹńsáìmù náà bá ṣe pọ̀ tó nínú igi ni àrùn ṣe ń dín kù tó. Ṣùgbọ́n igi náà kò dàgbà dáadáa mọ́. Agbára rẹ̀ lọ sílẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń san owó ọlọ́dẹ lóṣooṣù, ó yé yín. Bí ọlọ́dẹ bá pọ̀ ju ọlọ́jà lọ, kí ni wọn yóò fi san owó wọn? Igi tó dára ni èyí tó ń fi ọmọ ogun pamọ́, tó ń pè wọ́n jáde nígbà tí ọ̀tá dé.

Àwọn mìíràn gba ọ̀nà òdìkejì. Ilé iṣẹ́ kan ní Kánádà ṣe ápù tí wọ́n ń pè ní Arctic. Wọ́n pa ẹnu polyphenol oxidase mọ́ nínú rẹ̀, kí ápù tí wọ́n bá gé má bàa dúdú. Ìjọba Amẹ́ríkà yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì fọwọ́ sí i ní 2015. Ó dé ọjà ibẹ̀ ní 2017. Ẹni tó ń ta ápù gígé fẹ́ràn irú ìyẹn. Fún àwa tí kò ní i lọ́wọ́, oje ọsàn wẹ́wẹ́ díẹ̀ lójú ápù tí a gé máa ń fa ẹńsáìmù náà sẹ́yìn, kò ní tètè dúdú.

NÍGBÀ TÓ BÁ DÉ ỌWỌ́ WA

Ibí gan-an ni ọ̀rọ̀ mi ń lọ. Ápù tó dé Èkó ti rìn jìnnà. Wọ́n lè ti tọ́jú rẹ̀ sínú ilé òtútù fún ọ̀pọ̀ oṣù kó tó wọ ọkọ̀ ojú omi. Bí èso bá ṣe ń gbó ni agbára ìjà rẹ̀ ń dín kù. Kò sí gbòǹgbò tí yóò máa fún un lóúnjẹ mọ́. Ọmọ ogun rẹ̀ ti rẹ̀.

Ọ̀tá tó ń dúró dè é lásìkò yìí ni èyí tó ń hù bí eruku aláwọ̀ búlúù. Penicillium expansum ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Ẹ gbọ́ o: èyí kì í sábà lè wọ èso tí ara rẹ̀ dá pé. Ojú ọgbẹ́ ló ń wá. Èékánná tó gún un, ìdí èso tó gún èkejì rẹ̀, páálí tí wọ́n jù mọ́lẹ̀, ìyẹn ti tó o. Bó bá ti wọlé, òun náà ní ẹńsáìmù tirẹ̀. Ìyẹn ló fi ń yọ́ ohun tó so àwọn yàrá ápù pọ̀. Ìdí nìyẹn tí ojú ibẹ̀ fi ń rọ̀ bẹ̀tẹ̀, tí omi ń jáde. Ogun ẹńsáìmù sí ẹńsáìmù ni, ẹni tó bá sì ti rẹ̀ ló ń ṣubú.

Ewu kan tún wà níbẹ̀ tó ju òfò owó lọ. Olú aláwọ̀ búlúù yìí máa ń pèsè májèlé kan tó ń jẹ́ patulin. Sísè kì í pa á tán. Ó sì lè kọjá ojú ibi tó rà lọ sí ara ibi tó yí i ká. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, òfin kò gbà kí ó ju máíkírógíráàmù 50 lọ nínú kílógíráàmù oje ápù kan. Nítorí náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ta ápù tó ti rà ní ẹ̀dínwó fún àwọn tó ń fún oje èso. Ọmọ ẹni ló lè mu ún. Owó yẹn kò tó nǹkan.

OHUN TÍ A LÈ ṢE

Ẹ má jẹ́ kí alábàárù ju páálí. Ẹ fi náírà díẹ̀ lé owó rẹ̀, kí ó rọra gbé e. Ó sàn ju kí ẹ da ìlàjì páálí nù.

Ẹ má tètè sọ pépà oníkòtò tó wà láàárín ápù nínú páálí nù. Wọ́n ṣe é kí èso má bàa kan ara wọn ni.

Ẹ máa yẹ ẹrù wò láràárọ̀. Èyí tó bá ti rọ̀, ẹ yọ ọ́ kúrò kó tó ran àwọn tó kù. Ẹ má fi ọwọ́ tó kan èyí tó rà mú èyí tó dára.

Bí ẹ bá fi omi fọ̀ ọ́ kó lè dán, ẹ nù ún gbẹ. Ara tútù ni irúgbìn olú ń wá. Omi kan náà tí ẹ ti fi fọ èyí tó rà, ẹ má fi fọ òmíràn.

Ẹ gbé e kúrò lóòrùn. Bí ẹ bá rí ilé òtútù tàbí fíríìjì, ẹ lò ó. Òtútù kì í pa olú búlúù yẹn, ṣùgbọ́n ó ń fa ẹsẹ̀ rẹ̀ sẹ́yìn.

Ẹ má kó ápù ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ẹ kò tíì fẹ́ kó pọ́n. Afẹ́fẹ́ kan máa ń jáde lára ápù tó ti pọ́n tó ń mú kí èso mìíràn tètè pọ́n.

Oníbàárà tó bá ń fi èékánná tẹ ápù, ẹ fẹ̀rín bẹ̀ ẹ́. "Mọ̀mí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ojú wò ó, èmi á mú èyí tó dáa fún yín." Ojú kan tó tẹ̀, ògiri ti lanu níbẹ̀.

Ẹ̀yin oníṣu, ẹ gba tiyín. Iṣu ṣì lágbára láti wo ọgbẹ́ ara rẹ̀ sàn bí a bá ràn án lọ́wọ́. Àwọn onímọ̀ rí i pé bí a bá kọ́kọ́ fi iṣu tuntun tí ọkọ́ tàbí àdá kàn lára sí ibi tó móoru dáadáa, tí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ sì ní ọ̀rinrin, fún ọjọ́ 4 sí 8, èèpo tuntun á bo ojú ọgbẹ́ náà. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ wá gbé e lọ sí ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́. Ẹ má kó o jọ pẹ̀lú egbò tútù.

Mo ti padà ra ápù lẹ́yìn òfò ọjọ́sí. Mo ti kọ́ láti dúró ti ẹrù mi nígbà tí wọ́n bá ń sọ ọ́ kalẹ̀. Mo ṣì ń rí ọ̀kan tàbí méjì tó rà nínú páálí, torí kò sí bí a ṣe ṣọ́ra tó tí kò ní ku díẹ̀. Ṣùgbọ́n n kò tíì da odindi páálí nù mọ́. Màmá àgbà yẹn ti lọ sinmi nílé, àwọn ọmọ wọn ló wà nídìí ìsọ̀ báyìí. Òwe wọn ṣì wà lọ́jà.

 Ògiri wa kò ní lanu, ọ̀tá kò ní ráyè wọlé. Ọjà á tà, owó á wọlé, àá jẹ èrè ọjà wa pẹ́. Àmín.